Kíkọ́ Iṣẹ́ Ètò Kọ̀ǹpútà: Ilé-Ẹ̀kọ́ Ni Tàbí Ìdákọ́?

Ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, láti Mafọlúkù títí dé Òkè-Afá, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jẹ yọ nígbà tí ọmọ bá ti parí ẹ̀kọ́ girama, tí ó sì sọ pé iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni ọkàn òun fẹ́. Ìbéèrè náà ni pé: ṣé kí á fi ọmọ náà sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni, tàbí kí á ra kọ̀ǹpútà fún un kí ó jókòó sílé kí ó sì dá iṣẹ́ náà kọ́? Ní ojú ẹni tí ó ní owó púpọ̀, ìbéèrè yìí kò tó nǹkan, nítorí ó lè ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ro ti ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Òṣòdì, tí ó ti ń dá èsúsú láti ìgbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ ti wà ní kíláàsì kẹrin. Owó èsúsú náà tó fún owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ pẹ̀lú owó ọkọ̀, tàbí kí ó tó fún kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí ó dára. Kò tó fún méjèèjì pọ̀. Bí ó bá ṣi owó yìí ná, ọdún mẹ́ta mìíràn ni yóò tó rí irú rẹ̀ kó jọ. Nítorí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni ó fi yẹ kí á yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní, kí á má sì fi ọ̀rọ̀ ìwúrí lásán dá a lóhùn.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀rọ tí ó yára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í fi ọgbọ́n orí kún àṣẹ tí kò pé. Bí ìyá bá rán ọmọ lọ sí ọjà pé kí ó ra iyọ̀, tí iyọ̀ kò sì sí, ọmọ náà yóò padà wá sọ fún un. Kọ̀ǹpútà kò ní padà. Bí a kò bá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ ohun tí yóò ṣe bí iyọ̀ kò bá sí, yóò dúró gbagidi sí ojú ọ̀nà, tàbí kí ó máa yípo láàárín ọjà títí iná yóò fi tán nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ ètò ni ẹni tí ó ń ro gbogbo “bí ó bá rí báyìí” àti “bí kò bá rí bẹ́ẹ̀” tẹ́lẹ̀, tí ó sì ń tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ ní èdè tí ẹ̀rọ náà gbọ́. Irú àwọn èdè bẹ́ẹ̀ pọ̀: Python, Java, JavaScript àti àwọn mìíràn. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan dunjú kì í pẹ́ kí ó tó gbọ́ èkejì, nítorí kì í ṣe èdè náà ni ó ṣòro jù, bí kò ṣe ìrònú tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí ó mọ ìṣe Yorùbá kò ní ṣàì rí i pé ìrònú yìí kò ṣàjèjì pátápátá. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí sókè tàbí kí ó dojú délẹ̀. Ojú mẹ́jọ oníṣe méjì-méjì yìí ni ó sì bí 256 odù. Kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ń fi odo àti ení nìkan ka ohun gbogbo, ó sì ń kó wọn jọ ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, tí ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan fi lè ní ìrísí 256. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí wí pé àwọn babaláwo ni ó kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan. Ìṣirò ni ó pa méjèèjì pọ̀, ìṣirò kò sì ní ìlú. Ohun tí Ifá lè kọ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti iye odù rárá. Ti ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọ ni, a ó sì padà dé ibẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìbéèrè yìí kò tilẹ̀ lè wáyé ní Nàìjíríà. Ní 1963, nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ̀ǹpútà jẹ́ ohun tí ó ń gba odidi yàrá, tí owó rẹ̀ sì ju agbára ẹnikẹ́ni lọ. Ibi tí ẹ̀rọ náà bá wà ni ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ ọ gbọ́dọ̀ lọ. Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ní 1978, Ìsọlọ̀ gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì di iyì fún àdúgbò náà pé ọmọ lè jí láàárọ̀ kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ní 1986 ó di Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 2000 ibùjókòó rẹ̀ ṣí lọ sí Ìkòròdú. Ní 2022 ó sì di Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Láàárín àkókò kan náà, ẹ̀rọ tí ó kún yàrá ní 1963 ti wọ inú àpò. Fóònù tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń tẹ̀ lábẹ́ afárá Òṣòdì lágbára ju tirẹ̀ lọ lọ́nà tí kò ṣeé fẹnu sọ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ti ń jìnnà ni ẹ̀rọ ń súnmọ́ tòsí, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè ìyá aláṣọ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ìdákọ́ kì í ṣe ohun titun láàárín Yorùbá. Kí a tó dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, àwọn akọ̀wé àti olùkọ́ púpọ̀ ni ó ń gba ìwé ẹ̀kọ́ láti ìlú Òyìnbó nípa ìfìwéránṣẹ́, tí wọ́n ń tan àtùpà ní òru, tí wọ́n sì ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò lọ́nà bẹ́ẹ̀ ní 1944, láì kúrò ní Nàìjíríà. Ní ọdún kan náà ni ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1946.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni kan náà ni, làákàyè kan náà ni, ọdún kan náà sì ni. Èéṣe tí ó fi lè dá ìṣòwò kọ́ nílé, tí ó fi ní láti rìnrìn-àjò nítorí òfin? Ìdí ni pé àwọn agbẹjọ́rò ti fi dandan lé e pé ẹni tí yóò bá wọ ẹgbẹ́ wọn gbọ́dọ̀ wá jókòó láàárín wọn fún iye sáà kan. Ìwé kíkà nìkan kò tó. Iṣẹ́ ìṣègùn náà rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ kí dókítà tí ó dá iṣẹ́ abẹ kọ́ fi ọ̀bẹ kan òun. Iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà jọ ti ìṣòwò ju ti òfin lọ: ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń kọ ètò láì ní ìwé-ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kejì. Awólọ́wọ̀ dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ́ lóòótọ́, kò dá ara rẹ̀ dán wò. Lọ́ńdọ̀nù ni ó dán an wò, ìbéèrè tí wọ́n sì fún àwọn tí ó jókòó sí ẹsẹ̀ olùkọ́ níbẹ̀ kò dẹrùn jù tirẹ̀ lọ. Ìmọ̀ tí ó kó jọ lábẹ́ àtùpà rí ẹlẹ́rìí. Ohun tí ọmọ tí ó ń dá ètò kọ̀ǹpútà kọ́ ní Ìsọlọ̀ lónìí ṣaláìní gan-an nìyẹn. Ó lè mọ iṣẹ́, ó sì lè má mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ pàápàá kò ní ọ̀nà tí ó dájú tí yóò fi mọ èyí tí í ṣe òtítọ́.

Ní ti ohun èlò ìkẹ́kọ̀ọ́, kò sí àìtó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ti ń gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ ti Harvard tí à ń pè ní CS50 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. FreeCodeCamp tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 2023 ni Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní irú iṣẹ́ wọ̀nyí. Ohun tí ó ń náni lówó ni dátà àti iná. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025 ni àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ fàyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Àwọn ìyá tí ó sọ pé ìdákọ́ kò ná òun ní nǹkan kò tí ì ra epo jẹnẹrétọ̀ fún oṣù mẹ́ta tẹ̀léra.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó ń pa ìdákọ́ jù. Ohun tí ó ń pa á ni pé ó rọrùn láti rò pé a ti mọ ohun tí a kàn wò. Ọmọ a máa wo fídíò tí olùkọ́ kan ti ń kọ ètò. Bí olùkọ́ ti ń kọ ni òun náà ń kọ. Ètò náà yóò ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Lọ́jọ́ kejì, bí a bá ní kí ó kọ irú rẹ̀ láì wo ibì kan, yóò jókòó bí ẹni tí ó pàdánù kọ́kọ́rọ́ ilé. Láti ìparí 2022 tí ẹ̀rọ ChatGPT ti jáde, tí irú rẹ̀ sì ti pọ̀ síi, ọ̀rọ̀ náà tún burú ní apá kan, ó sì tún dára ní apá kejì. Ẹ̀rọ wọ̀nyí lè kọ odidi ètò fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan, wọ́n sì lè fi sùúrù ṣàlàyé àṣìṣe fún ẹni tí ó ti gbìyànjú tán kí ó tó béèrè. Ohun èlò kan náà ni ó ń sọ ẹnìkan di ọ̀lẹ tí ó sì ń sọ ẹlòmíràn di ọ̀jáfáfá.

Kí ni ilé-ẹ̀kọ́ wá ní tí fídíò kò ní? Àpẹẹrẹ kan yóò tó. Ká ní orúkọ 1,000,000 ènìyàn wà nínú ìwé kan, tí a sì tò wọ́n ní ìlànà A, B, D. Ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣètò yóò pa á láṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ àkọ́kọ́, kí ó máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kan èyí tí ó ń wá. Ó lè wo mílíọ̀nù kan kí ó tó rí i. Ẹni tí ó kọ́ ọ yóò ní kí ó ṣí ìwé náà ní àárín gbùngbùn. Bí orúkọ tí à ń wá bá wà ṣáájú èyí tí ó rí níbẹ̀, kí ó ju ìdajì ẹ̀yìn nù. Bí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó ju ìdajì iwájú nù. Kí ó sì tún ṣí èyí tí ó kù ní àárín. Ní wíwò tí kò ju ogún lọ, yóò ti bá orúkọ náà. Mílíọ̀nù kan di ogún! Bí orúkọ bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún péré, ètò méjèèjì yóò dà bí ọ̀kan náà lójú, ìdí sì nìyí tí ẹni tí ó dá iṣẹ́ kọ́ fi lè ṣe é fún ọdún méjì láì mọ̀ pé ohun kan ń bẹ tí òun kò mọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó máa ń fi ipá mú ènìyàn kọ́ ohun tí kò mọ̀ pé òun yóò lò.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní àlébù tirẹ̀, kò sì yẹ kí á bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé inú yunifásítì ni a ti ń tẹ irú ìwé yìí jáde. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ti 2020 gbà tó oṣù mẹ́sàn-án. Ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, kò sì parí títí di oṣù kẹwàá. Ọmọ tí ó wọlé ní 2019 fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin mọ iye ọdún tí ó lò. Ní ibi púpọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń fi gègé kọ ètò sórí bébà nínú gbọ̀ngán ìdánwò, níbi tí ẹ̀rọ kankan kò ti lè sọ fún un pé àṣẹ rẹ̀ kò tọ̀nà. Ó lè gba máàkì gíga fún ètò tí kò lè ṣiṣẹ́ láéláé.

Nítorí irú àlébù yìí ni ìjọba fi gbé ètò kan kalẹ̀ ní 1973, èyí tí a mọ̀ sí SIWES, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá níta fún oṣù díẹ̀ kí ó tó gba ìwé-ẹ̀rí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, odidi ọdún kan ni a sábà máa ń lò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín ND àti HND. Ó ṣeni láàánú pé púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi àkókò yìí ra oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, tí wọ́n sì ń tẹ lẹ́tà. Ẹni tí ó bá rí ọ̀gá tòótọ́ láàárín oṣù wọ̀nyẹn a máa padà dé bí ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí a bá kúrò ní Òṣòdì díẹ̀ sí ọjà Ládípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, a ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ inú ẹ́ńjìnnì bí ẹni mọ inú yàrá ara rẹ̀. Wọn kò dá a kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n sin ọ̀gá. Ọ̀gá fún wọn ní iṣẹ́ gidi ti oníbàárà gidi, ó dúró lẹ́yìn wọn, ó sì gba sípánà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ọjọ́ tí ó bá fún wọn ní òmìnira, gbogbo àdúgbò ni ó jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ifá tí a mẹ́nu bà ní ìṣáájú. Ọmọ awo kì í dá Ifá kọ́. Etí olúwo ni ó ń ké e sí, olúwo a sì dá a dúró níbi tí ó bá ti ṣì í, ní ọ̀gangan ìgbà tí ó ṣì í, kí àṣìṣe náà tó di bárakú.

Ilé-iṣẹ́ Andela gbìyànjú irú èyí ní Èkó láti 2014. Ó ń yan àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀, ó ń kọ́ wọn, ó ń san owó fún wọn bí wọ́n ti ń kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí ni ó fi ń yàn wọ́n bí kò ṣe ìdánwò. Àwọn tí ó gba ibẹ̀ kọjá ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ńlá káàkiri ayé lónìí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án 2019 ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òun yóò dá tó 400 nínú àwọn ọ̀dọ́ tí kò tí ì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ dúró, ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ń béèrè fún. Àwọn òbí gbọ́dọ̀ mọ èyí dáadáa: kì í ṣe pé iṣẹ́ kò sí, bí kò ṣe pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iṣẹ́ ni ẹni tí kò rọrùn láti rí iṣẹ́, ìbáà ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti wá, ìbáà sì ṣe ilé bàbá rẹ̀. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ni ó le jù.

Ìwé-ẹ̀rí tún ní àwọn ilẹ̀kùn kan tí òun nìkan lè ṣí. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba kò sí fún ẹni tí kò ní in. Kò lè sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lábẹ́ ètò NYSC. Bí ó bá fẹ́ lọ gbé ní Kánádà, iye máàkì tí wọn yóò fún un yóò kéré sí ti ẹni tí ó ní oyè. Owó tí ìjọba ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti 2024, àwọn tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ni wọ́n ń yá a. Ẹni tí ó ń dá kọ́ nílé kò sí nínú rẹ̀. Ní ti àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni kéékèèké ní Yábàá àti Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ wọn kì í béèrè ìwé. Iṣẹ́ tí ọmọ ti ṣe ni wọ́n ń béèrè pé àwọn fẹ́ rí.

Ǹjẹ́ kí ni kí ìyá aláṣọ wa ṣe? Owó tí a ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí yí ìṣirò rẹ̀ padà ju bí ọ̀pọ̀ òbí ti mọ̀ lọ. Bí ọmọ bá rí ààyè ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti ìjọba, irú èyí tí ó wà ní Yábàá láti 1947, tí ọkọ̀ méjì láti Ìsọlọ̀ sì lè gbé e dé ibẹ̀, owó yíyá náà lè san owó ilé-ẹ̀kọ́, kí owó èsúsú sì ra kọ̀ǹpútà. Ọdún méjì ni ND. Kò gùn bí ti yunifásítì, ó sì fi ẹsẹ̀ ọmọ múlẹ̀ nínú ètò SIWES. Bí kò bá rí ààyè lọ́dún yìí, kí ó má jókòó lásán de JAMB ti ọdún tí ń bọ̀. Kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà náà, kí ó bẹ̀rẹ̀ CS50, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kí ó dá wà. Àwọn iṣẹ́ àjọṣe wà lórí GitHub tí ẹnikẹ́ni lè dá sí, níbi tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà ti máa ń ka ohun tí ọmọ kọ tí wọ́n sì máa ń dá a padà pẹ̀lú àtúnṣe. Ìdápadà náà a máa dùn ún. Òun sì ni ẹ̀kọ́ náà.

Kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò ṣe láì wo fídíò kankan jẹ́ ìwé gbèsè ìyá rẹ̀: orúkọ àwọn tí ó gba aṣọ àwìn, iye tí wọ́n jẹ, iye tí wọ́n ti san, ọjọ́ tí wọ́n ṣe àdéhùn. Ìyá kò mọ Python, ṣùgbọ́n ó mọ gbèsè rẹ̀ lórí ju bí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan ti mọ̀ ọ́n lọ. Bí ètò náà bá sọ pé ẹnìkan jẹ ₦12,000, tí ìyá sì mọ̀ pé ẹni náà ti san ₦5,000 ní ọjọ́ Jímọ̀, ọmọ yóò padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà láti wá ibi tí ó ti gbàgbé láti sọ ohun tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe bí oníbàárà bá san ìdajì.